Ẹni Tó Rí Ihò Náà

Ẹ̀rín Makena ni Mumo kọ́kọ́ gbọ́ kó tó rí i, níbi ìpàdé àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ní Nairobi. Aṣọ pupa ló wọ̀, ife ṣáì, tíì oníwàrà, wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń bọ̀ tààrà sọ́dọ̀ Mumo.

"Ṣé ìwọ lo kọ ètò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ yẹn?"

"Èmi ni," Mumo fèsì, ó yangàn díẹ̀.

"Ihò wà níbẹ̀. Olè lè gba ibẹ̀ kó owó wọn lọ. Jẹ́ ká lọ sí kọ̀rọ̀, kí n fi hàn ẹ́."

Àṣà iṣẹ́ wọn nìyẹn. Ẹni tó bá rí ihò kì í pariwo. Ẹni tó kọ ètò ni yóò sọ fún, yóò sì fún un láyè oṣù mẹ́ta kó fi dí i. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò kéde rẹ̀, wọn yóò sì dárúkọ ẹni tó rí i. Orúkọ yẹn ni èrè rẹ̀.

Àwọn méjèèjì jọ ṣiṣẹ́ náà, wọ́n jọ ń jẹ mandazi, búrẹ́dì díndín, ní gbígbóná, ìfẹ́ sì wọ àárín wọn.

"Ṣé o máa ń ti ilẹ̀kùn ilé ẹ ṣá?" Makena bi í lọ́jọ́ kan.

"Wá bá mi tì í, olólùfẹ́."

Àmọ́ ojú ń ti ọ̀gá Mumo níbi iṣẹ́ nítorí ihò náà. Ó ní kí Mumo bá òun sọ fún ọlọ́pàá pé ṣe ni Makena jalè wọnú ètò náà. Ọ̀rọ̀ náà dé Meru, sétí bàbá Makena tó ń gbin tíì. Bàbá ní, "Wọ́n pe ọmọ mi lólè nítorí ọmọkùnrin yẹn. Kó má tẹ ẹnu ọ̀nà mi."

"Ọ̀gá, ẹ má bínú," Mumo sọ, "mi ò ní purọ́ mọ́ ọn."

Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, tí ihò ti dí, ó kéde fún gbogbo ayé: "Èmi Mumo ni mo ṣe àṣìṣe náà. Makena Kirimi ló rí i, òun ló gba owó yín là."

Orí Makena wú. Ó sunkún nínú mátátù, bọ́ọ̀sì akérò, kò sì bìkítà fún ẹni tó ń wo òun.

Bàbá náà gbọ́. Inú ẹgbẹ́ yẹn ni owó tíì tirẹ̀ wà. Ó ránṣẹ́ pe Mumo àti àwọn ẹbí rẹ̀.

"Makena," ó wí lójú gbogbo àgbà, "ìwọ tó o mọ àlébù wá, èwo lo rí lára ọkùnrin yìí?"

"Ó pọ̀, Bàbá mi. Mo ti sọ fún un ní kọ̀rọ̀. Ó ń tún wọn ṣe."

"Ìgbà wo lo máa kéde?"

"Ìyẹn ò ní ìkéde, Bàbá. Ilé wa ló máa wà."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó na igbá ògì kíkan tí wọ́n fi ń gba àna sí Mumo. "Mu ún, ọmọ mi."