Kàósárà àti Kíndìnrín Bàbá Mi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ pàdé ìyàwó yín níbi ìnáwó, ẹ kú oríire o. Ní tèmi, ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá mi ni mo ti pàdé Kàósárà, kíndìnrín bàbá mi ló sì wá tọrọ.

Ọsibítù kan ní Iléṣà ni. Jẹjẹrẹ ti mú kíndìnrín bàbá mi lápá òsì, wọ́n sì fẹ́ yọ ọ́ lọ́sẹ̀ méjì sí i. Ni ọmọbìnrin kan bá wọlé pẹ̀lú fọ́ọ̀mù lọ́wọ́, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán, Bàbá. Kàósárà lorúkọ mi, ìwádìí jẹjẹrẹ kíndìnrín ni mò ń ṣe. Tí wọ́n bá yọ ọ́ tán, mo fẹ́ kẹ́ ẹ fún mi ní díẹ̀ níbẹ̀."

"Kí n fún ẹ ní kí ni?" Bàbá dìde jókòó. "Ohun tí wọ́n bá yọ lára mi, ilé ló ń bọ̀! Odindi ni màá sin ín sẹ́yìnkùlé. Má jẹ̀ẹ́ kí n tún rí ẹ níbí!"

Kàósárà dìde, ó jáde. Mo sáré tẹ̀lé e.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí bàbá mi."

"Ara wọn ni, wọ́n lẹ́tọ̀ọ́." Ó wá rẹ́rìn-ín. "Àmọ́ mi ò tíì ṣe tán."

Yéè! Ẹ̀rín yẹn ló pa mí. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ Kàósárà ti wọ̀ mí lára.

Àṣé Òṣogbo làwa méjèèjì ń gbé. Iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni mò ń ṣe, òun sì jẹ́ ọmọ télọ̀ kan ní Òkè-Baálẹ̀. Tí mo bá ti ṣíwọ́, ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ ni mò ń gbà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan péré, mo rán ṣòkòtò mẹ́ta tí mi ò nílò.

"Olólùfẹ́ mi," mo sọ fún un lọ́jọ́ kan, "jẹ́ kí n bá ẹ bẹ Bàbá. Wọ́n ní àwọn ò lè fi ẹni tó fẹ́ gé kíndìnrín àwọn ṣe ìyàwó ọmọ."

"Mùyídéènì, má bá mi bẹ ẹnikẹ́ni. Gbogbo kíndìnrín tí mo fi ń ṣèwádìí, òkè òkun ni wọ́n ti kó o wá. Mo fẹ́ ti àwa náà. Ẹnu ara mi ni màá fi sọ ọ́. Tí wọ́n bá kọ̀ ọ́, wọ́n kọ èmi náà nìyẹn."

Ẹ̀rù bà mí, àmọ́ orí mi wú.

Nígbà tí iṣẹ́ abẹ ku ọ̀la, ó padà wá. Bàbá kọ ẹ̀yìn sí i.

"Bàbá, RNA dà bí iṣẹ́ tí ara ń rán síra rẹ̀. Àwọn kan ń sọ bí ara ṣe máa pèsè ohun tó ń lò. Àmọ́ àwọn RNA gígùn kan wà tí kì í pèsè nǹkankan. Wọ́n tiẹ̀ ti pè wọ́n ní pàǹtí rí. Àṣé púpọ̀ nínú wọn ló ń sọ fún àwọn yòókù ìgbà tí wọ́n máa ṣiṣẹ́ àti ìgbà tí wọ́n máa dúró. Tí wọ́n bá ṣì í sọ, kíndìnrín lè máa hù láìdúró, kó di jẹjẹrẹ."

Bàbá yíjú padà díẹ̀díẹ̀. "Wọn kì í pèsè nǹkankan? Wọ́n kàn ń ní kí tibí lọ, kí tọ̀hún dúró?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Ni bàbá mi bá bú sẹ́rìn-ín. "Èmi Ògúnjìnmí gan-an nìyẹn! Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi àsíá darí rélùwéè l'Óṣogbo. Mi ò wa ọkọ̀ rí, mi ò ta tíkẹ́ẹ̀tì rí. Wọ́n á ní, 'Iṣẹ́ wo lò ń ṣe gan-an?' Àmọ́ ọjọ́ tí mo bá na àsíá aláwọ̀ ewé sí ọkọ̀ tó yẹ kó dúró, òkú á sùn!"

Ojú rẹ̀ rọ̀. "Kí loríkì ẹ?"

"Àpìkẹ́, sà."

"Àpìkẹ́, mú fọ́ọ̀mù wá. Gé èyí tó o bá fẹ́. Ìyókù ni màá sin."

Lọ́jọ́ kejì, Kàósárà gba tiẹ̀ sínú kúlà oníyìnyín, ó sì sáré, torí RNA kì í pẹ́ bàjẹ́. Mo wò ó títí ó fi wọ láàbù. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì tí mi ò mọ̀ rí pé, "Ìyàwó mi nìyẹn."

Kò tíì rí oògùn jẹjẹrẹ o, kò sì parọ́ fún ẹnikẹ́ni pé òun rí i. Àmọ́ ti àwa náà ti wà nínú ìwádìí náà báyìí.

Nígbà tí wọ́n so yìgì wa ní Òkè-Baálẹ̀, Alùfáà ní kí bàbá ọkọ sọ̀rọ̀. Bàbá mi fọwọ́ ti ìhà òsì, ó dìde. Ó kọwọ́ bọ àpò agbádá, ó fa àsíá aláwọ̀ ewé kan tí etí rẹ̀ ti ya yọ. Ó nà án sókè, ó fì í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Kàósárà tí kò sunkún lọ́jọ́ tí wọ́n lé e, omi dà lójú rẹ̀.

"Ọ̀nà ti là," Bàbá wí. "Ẹ máa lọ, ẹ̀yin ọmọ mi."