Òṣùmàrè Yí Àbẹ́là Ká

"Màmá, ẹ wò ó! Òṣùmàrè yí àbẹ́là ká!"

Mosúnmọ́lá rò pé etí ìyá òun nìkan lòun sọ ọ́ sí, àmọ́ gbogbo ìjọ ló gbọ́ ọ. Òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ni, ní ọdún 1984. Òjò ṣú lórí Abẹ́òkúta, inú ilé àdúrà àwọn aláṣọ funfun tó wà lẹ́yìn Ìjẹmọ̀ sì ṣókùnkùn débi pé iná àbẹ́là orí pẹpẹ ló ń tàn fún wọn. Wòlíì Theophilus, olórí ìjọ náà, dá orin dúró, ó sì yíjú sẹ́yìn.

"Ta ló sọ̀rọ̀ yẹn?"

Ìyá Mosún sáré dìde. Ẹ̀yìn pátápátá ni òun àti ọmọ rẹ̀ máa ń jókòó láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kó lọ bá obìnrin mìíràn ní Ṣàgámù. Aláró ni. Ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún ẹ̀lú títí dé ìgbọ̀nwọ́, àwọn obìnrin kan kì í sì í fẹ́ kí aṣọ funfun wọn fara kan tirẹ̀, bí ẹni pé aró lè fò mọ́ wọn lára.

"Ọmọ mi ni, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Kí ló rí?"

Mosún dìde. "Òṣùmàrè ni, sà. Ó yí iná náà ká roboto. Mo rí pupa lára ẹ̀, mo rí àwọ̀ ewé."

Wòlíì bi ìjọ bóyá ẹlòmíràn rí i. Kò sẹ́ni tó rí i. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. "Halelúyà! Òṣùmàrè ni àmì májẹ̀mú tí Ọlọ́run bá Nóà dá. Ọmọ yìí ríran!"

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ló da gbogbo nǹkan rú. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí èdè wa ṣe rí: ẹni tójú rẹ̀ mọ́lẹ̀, a ní ó ríran, ẹni tí Ọlọ́run fi ohun ìkọ̀kọ̀ hàn, a tún ní ó ríran. Wòlíì Theophilus kì í ṣe ẹlẹ́tàn o, kí n má purọ́ mọ́ ọn. Ohun tó gbà gbọ́ ló sọ. Àmọ́ kò bi ọmọ náà pé ṣé ojú ò dùn ọ́? Ojú sì ń dùn ún. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí iwájú orí ti ń fọ́ ọ, tí ẹyinjú ń ro ó bí eyín tó kẹ̀.

Kí oṣù yẹn tó parí, Mosún ti di Aríran Kékeré. Wọ́n so àmùrè aláwọ̀ sánmà mọ́ ọn nídìí, wọ́n sì gbé òun àti ìyá rẹ̀ wá sí ìjókòó iwájú. Àwọn obìnrin tó ń sá fún aró tẹ́lẹ̀ ń kúnlẹ̀ báyìí. "Ìyá Aríran, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa o!" Ẹ ò rí nǹkan! Ìyá tó jẹ́ pé ẹkún ló fi ń ro aró, orin ló fi ń rò ó báyìí, ẹ̀rín kò sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Mosún ń wo ẹ̀rín yẹn, inú rẹ̀ ń dùn ju ti ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́ lọ.

Sìlífátù lọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń jókòó ní kíláàsì kẹrin ilé ẹ̀kọ́ girama. Mùsùlùmí oníṣòwò ni wọ́n nílé wọn, aṣọ ni wọ́n ń tà ní Ìtòkú. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n dé láti ilé ìwé, àwọn méjèèjì yà ní ṣọ́ọ̀bù náà. Mùsílíù, ẹ̀gbọ́n Sìlífátù, tan iná. Mosún gbójú sókè, ó dúró gbagidi.

"Òṣùmàrè tún nìyí," ó ní.

"Níbo?"

"Lára gílóòbù yín."

Sìlífátù bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó pa ẹ̀rín mọ́. "Gílóòbù tí Bùrọ̀dá Mùsílíù rà lánàá yìí ni májẹ̀mú Nóà wà lára ẹ̀? Mosún, ojú ń dùn ọ́ ni jàre! Ṣebí inú ìwé mi lo ti ń kọ nóòtì báyìí, torí o ò rí pátákó mọ́."

"Mùsùlùmí ni ẹ́. Kò lè yé ẹ."

"Mo gbà. Àmọ́ ojú kì í ṣe Mùsùlùmí, kì í ṣe Kìrìsìtẹ́nì. Ojú ni."

Mosún bínú jáde. Àmọ́ ọjọ́ yẹn lòun fúnra rẹ̀ ti mọ̀ pé nǹkan ń ṣe ojú òun. Ó rí òṣùmàrè lára iná mọ́tò, ó rí i lára fìtílà ìyá elépo. Ní ibùdókọ̀ Ìbarà, níbi tí àwọn sójà ti ń fipá to èèyàn sórí ìlà lọ́dún náà, ó rìn kọjá ìlà gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò rí i, ó lọ wọ bọ́ọ̀sì. Sójà wọ́ ọ bọ́ sílẹ̀, ó ní kó máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ níṣojú gbogbo èèyàn. Ó fò ó. Kò jẹ́ sọ pé òun ò rí ìlà. Tó bá sì di ọjọ́ Ìsinmi, tí Wòlíì bi í pé kí ló rí, á ní, "Àlàáfíà ni, sà. Àwọ̀ rẹ̀ tún pọ̀ sí i." Ìjọ á hó yèè.

Dókítà ojú kan wá láti ọ́sípítù ìjọba wá yẹ ojú àwọn ọmọ ilé ìwé wò. Ó ní kí Mosún wo iwájú, ó na ìka sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, ó na án lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì. Mosún kò rí ọ̀kankan. Dókítà tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú, ó pẹ́ níbẹ̀.

"Tó o bá wo iná, ṣé o máa ń rí nǹkan bí òṣùmàrè?"

Mosún sún sẹ́yìn. Ta ló sọ fún ọkùnrin yìí? "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Àìsàn ni, ọmọ mi. Omi inú ojú rẹ kò rọ́nà jáde, ó wá ń fún iṣan tó o fi ń ríran mọ́ra. Èyí tó bá ti bà jẹ́ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè tún un ṣe. Ìyókù la lè gbà sílẹ̀. Mú ìyá rẹ wá bá mi lọ́la. Má jẹ́ kó di ọ̀tunla."

Mosún wolẹ̀. "Tí mo bá lo oògùn yín, sà, ṣé òṣùmàrè náà á lọ?"

"Á lọ pátápátá. Ohun tí à ń wá nìyẹn."

Sìlífátù dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ti gbọ́ gbogbo ohun tí dókítà sọ. Ó mú kó ṣèlérí pé òun á sọ fún ìyá òun nírọ̀lẹ́ yẹn gan-an. Mosún sì fẹ́ sọ ọ́, ẹ má bú u. Ó wọlé, ó bá ìyá rẹ̀ nínú sùtánà tuntun tó funfun báláú.

"Mosún, gbọ́ ohun tí Wòlíì sọ! Èmi ni màá gbé àbẹ́là ìkórè. Èmi, aláró! Àwọn tí kì í kí mi ni wọ́n á máa tò tẹ̀ lé mi lẹ́yìn!" Ó di ọmọ rẹ̀ mú, ó ń sunkún ayọ̀ sí i lọ́rùn.

Mosún nu omijé náà fún un. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé tí ìkórè bá ti kọjá, òun á sọ. Ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ó sọ fún Sìlífátù pé ìyá òun ti gbọ́, pé àwọn á lọ. Òkèèrè ni olójú jíjìn ti ń mẹ́kún sun, àmọ́ ọmọ wa ní òun á dúró kí ẹkún dé imú.

Lọ́jọ́ ìkórè, Mosún bì lẹ́ẹ̀mejì kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Orí rẹ̀ ń lù kì-kì-kì. Ìyá rẹ̀ ní agbára Ẹ̀mí ni, ó fi òróró pa á níwájú orí. Ilé àdúrà kún àkúnya. Ìyá Mosún gbé àbẹ́là ńlá, ó rìn wá síwájú, ó gbé e dúró lọ́kàn-án-kan ọmọ rẹ̀.

"Aríran Kékeré," ni Wòlíì wí, "kí lo rí fún ìjọ yìí?"

Mosún lajú. Ó rí funfun bí èéfín. Èéfín náà di dúdú. Ó ṣẹ́jú, ó tún un ṣẹ́.

"Mi ò ríran," ó ní.

"Gbàdúrà sí i, ọmọ mi."

"Mi ò ríran, sà. Màmá! Màmá, mi ò ríran mọ́!" Ó na ọwọ́ síwájú, ó ń wá ìyá rẹ̀ kiri, ọwọ́ rẹ̀ lu àbẹ́là bọ́ sílẹ̀.

Ariwo sọ. Àwọn obìnrin káwọ́ lérí. "Yéè! Ẹ̀mí ti fi í sílẹ̀! Ó ti dẹ́ṣẹ̀!"

"Ẹ mú un lọ sí yàrá àdúrà," ni Wòlíì pàṣẹ. "Ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ìran rẹ̀ á padà."

"Ojú mi ni! Ojú mi gan-an ni mò ń sọ!" Àmọ́ agogo ń dún, orin ti ròkè, ìyá rẹ̀ alára ti dojú bolẹ̀, ó ń tọrọ ìdáríjì. Nígbà tó ń parọ́ pé òun ríran, gbogbo ayé gbà á gbọ́. Ọjọ́ tó sọ òtítọ́, ẹnì kan ò gbọ́ ọ.

Nígbà tí Sìlífátù retí rẹ̀ ní kíláàsì títí, ó fa Mùsílíù dání tòun ti ọkọ̀ rẹ̀, ó gba ilé àdúrà lọ. Wọn ò jẹ́ kó wọlé. Ó dúró síta, ó fi igbe ta. "Ìyá Mosún! Ẹ ò tíì gbé e lọ bá dókítà ni? Ṣebí dókítà ní kó má di ọ̀tunla!"

Ìyá jáde síta. "Dókítà wo?"

Ibẹ̀ ni Sìlífátù ti mọ̀ pé ọ̀rẹ́ òun tan òun jẹ. Ó ro gbogbo rẹ̀ fún ìyá náà. Ìyá Mosún kò béèrè lọ́wọ́ Wòlíì, ó wọlé, ó gbé ọmọ tó ga jù ú lọ pọ̀n, ó sáré bọ́ sínú ọkọ̀ Mùsílíù.

Dókítà tan tọ́ọ̀ṣì sójú ọ̀tún, ó tàn án sójú òsì. Ó pa tọ́ọ̀ṣì náà.

"Ẹ fi oògùn sí i, sà," ni ìyá bẹ̀bẹ̀. "Ẹ yọ tèmi, kẹ́ ẹ fi sí i."

"Oògùn á mú ìrora lọ, Màmá. Ojú ọ̀hún... ẹ̀pa ò bóró mọ́."

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀sẹ̀, Wòlíì Theophilus wá kí wọn. Ó ti rù. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sọ ìtàn afọ́jú tí Jésù fi amọ̀ pa lójú, tó lọ wẹ̀ nínú adágún, tó sì ríran. Ó ní Jésù náà ṣì wà.

"Mo gbà, sà," ni Mosún dáhùn. "Àmọ́ àwọn tí Jésù bá wí níparí ìtàn yẹn ńkọ́? Kì í ṣe afọ́jú. Àwọn tó ní àwọn ríran ni. Èmi wà nínú wọn, Bàbá. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀."

Wòlíì tẹ orí ba. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá Mosún tó dúró lẹ́nu ọ̀nà wá béèrè ohun tó ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn látọjọ́ yìí.

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi, Mosún?"

"Inú yín ń dùn, Màmá."

"Ṣé o rò pé mo fẹ́ràn ìjókòó iwájú ju ojú rẹ lọ ni?"

Mosún na ọwọ́ wá a. Ìyá rẹ̀ jókòó síbẹ̀, ó fi ọwọ́ aláró bo ojú, ó sunkún títí.

Wọ́n gbàdúrà lọ́dún yẹn, wọ́n gbà á lọ́dún kejì. Ojú náà ò là. Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tó bá gbà pé òun ò ríran, onítọ̀hún ló ń wá ẹni tó máa la òun lójú, ìbáà ṣe lọ́dọ̀ dókítà, ìbáà ṣe lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ẹni tó bá ń fi ẹnu ríran torí kí wọ́n lè máa kí i, ó ti fọ́ nínú kí ìta tó fọ́. Tí nǹkan bá ń ṣe yín, ẹ sọ ọ́ lónìí, bí ẹ̀rín ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ràn jù tilẹ̀ máa pa rẹ́ nítorí ẹ̀.