Ọjọ́ tí Akini Dákẹ́ ní Tẹ́tẹ́dó

Bí ẹ bá fẹ́ lọ sí Tẹ́tẹ́dó, ìlú tẹ́tẹ́ tó wà lórí òkun, ìmọ̀ràn tuntun kan ti wà nínú ìwé ìròyìn tí wọ́n ń fún àlejò létí omi. Ó ní kí obìnrin tó bá ti lé ní ọgọ́ta ọdún má ṣe ki oríkì ẹnikẹ́ni nínú gbọ̀ngàn. Ó ní nítorí ààbò àlejò ni. Irọ́ ni. Ohun tó fà á ni pé ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan, Akini, ẹ̀rọ tó ń ki ènìyàn ní ìlú náà, dákẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún gbáko, ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ènìyàn sì dìde lórí àga wọn, wọ́n ń wá ọ̀nà ilé. Ìwé ìròyìn ọjọ́ kejì ní ìjì òkun ló da iná rú. Kò sí ìjì kankan. Òkun dákẹ́ rọ́rọ́ lọ́jọ́ náà.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ ṣàlàyé ìlú náà fún ẹni tí kò débẹ̀ rí, kí orí má sì jẹ́ kó débẹ̀. Òpó irin ni wọ́n fi gbé e sókè lórí omi. Ọkọ̀ àsáré-orí-omi ń gbé ènìyàn lọ síbẹ̀ láàárín wákàtí kan. Oúnjẹ wà níbẹ̀ ní àjẹṣẹ́kù, ibùsùn rẹ̀ rọ̀, afẹ́fẹ́ rẹ̀ tutù. Wọn kì í fi owó ta tẹ́tẹ́ níbẹ̀, ọjọ́ ni wọ́n fi ń ta. Bí o bá jẹ, wọn á fún ọ ní ọjọ́ ìgbádùn sí i. Bí o bá pàdánù ọjọ́ mẹ́wàá, ọjọ́ mẹ́wàá lo máa fi sìn wọ́n. Láàárọ̀ wàá máa fi ọ̀bẹ ha iyọ̀ àti ìkarahun kúrò lára òpó, lọ́sàn-án wàá padà sórí àga láti gba ọjọ́ rẹ padà. Ẹni tó jẹ kò lọ, ẹni tó pàdánù kò lọ. Ẹ wá bi wọ́n pé ta ló ń lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé àwọn tó há síbẹ̀ ya òmùgọ̀, ẹ rọra. Nínú ìrọ̀rí àga kọ̀ọ̀kan ni ẹnu Akini wà. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni, àmọ́ iye àga tó wà ní gbọ̀ngàn ni iye ẹnu tó ní. Tó bá ti rẹ̀ ọ́, tí o ti ń wò ó pé kí o dìde, Akini á bẹ̀rẹ̀ sí í kì ọ́. Oríkì ìdílé rẹ gan-an ni, èyí tí ìwọ fúnra rẹ sọ fún wọn lẹ́nu ibodè nígbà tí wọ́n ní kí o wá forúkọ sílẹ̀. Ọmọ Yorùbá wo ni wọ́n á máa kì tí yóò ní òun kò ṣe mọ́? Orí á wú, ara á yá, wàá tún fi oṣù mẹ́ta kalẹ̀.

Ẹni tó kọ́ Akini ní oríkì kíkì ni Màmá Morádéùn ará Arárọ̀mí-Òkè. Kò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn ni onímọ̀ ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Ọ̀mọ̀wé Dúródọlá gbé àpótí kékeré kan wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní oríkì ń kú lọ, òun fẹ́ fi pamọ́ fún àwọn ọmọ tí wọn kò tíì bí. Inú Màmá dùn. Kò sí ẹlòmíràn ní gbogbo agbègbè náà tó mọ oríkì ìdílé ogójì bí ẹni mọ ọ̀nà odò, ohùn rẹ̀ sì dùn títí dé ẹ̀yìnkùlé.

Ká ní ó kàn kì í sínú àpótí kó sì lé ọkùnrin náà lọ ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Ṣùgbọ́n Màmá kò lè fara da oríkì tí wọ́n kì bàjẹ́. Nígbà tí àpótí bẹ̀rẹ̀ sí í sín ohùn rẹ̀ jẹ, ó ní ó ń sáré jù. Ó ní, "Oríkì kì í ṣe ẹ̀kọ gbígbóná tí èèyàn ń gbé mì torí pé ọkọ̀ fẹ́ lọ. Tó o bá ti pe 'ọmọ', dúró díẹ̀, kí ẹni tó ò ń kì lè mí." Oṣù mẹ́ta ló fi tún un ṣe. Àbígbẹ̀yìn rẹ̀, Gbólágadé, tí oríkì rẹ̀ ń jẹ́ Àtàndá, ni wọ́n fi ń dán an wò. Ó máa ń jókòó síwájú àpótí náà, tí omi kò bá lé sí i lójú, Màmá á ní kí wọ́n tún un kì. Ọjọ́ tí Gbólágadé sunkún bí ọmọdé ni Màmá tó pàtẹ́wọ́, tó ní ẹ̀rọ ti gbọ́ ọ.

Ó fi òfin kan lé e. Ó ní tí òun bá ń kì, kí ẹ̀rọ panu mọ́, nítorí ọmọ iṣẹ́ kì í bá ọ̀gá rẹ̀ du oríkì. Dúródọlá rẹ́rìn-ín, ó fi òfin náà sí ìpìlẹ̀ ẹ̀rọ pátápátá kí inú ìyá àgbà lè dùn, ó kọ́ gbogbo ìyókù lé e lórí, ó sì gbàgbé rẹ̀.

Ọdún méje lẹ́yìn náà, Gbólágadé, tó ti di atún-ẹ̀rọ-omi-ṣe, ní òun fẹ́ lọ sinmi ní Tẹ́tẹ́dó fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó di ọdún méjì, kò dé. Àwọn tí ì bá sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún Màmá kò padà wá láti sọ ọ́.

Nígbà tó yá, ìwé ìròyìn àlejò kan tẹ Màmá lọ́wọ́. Ó rí i lójú ewé tó gbẹ̀yìn pé: "Bí ìyá tàbí bàbá atatẹ́tẹ́ bá wá pè é, tó sì dìde fúnra rẹ̀, a ó dá a sílẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ọjọ́ tó wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ìpè. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dí olùpè lọ́wọ́. Olùpè kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹni tó ń pè." Màmá kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó bú sẹ́rìn-ín. Pípè nìkan? Ó sọ fún àwọn ará ilé kí wọ́n gún iyán de òun, òun àti Àtàndá ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀.

Ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu ibodè, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ojú rẹ̀ le, na pátákó kan sí i.

"Màmá, ẹ sọ oríkì yín síbí."

"Mi ò wá ta tẹ́tẹ́. Ọmọ mi ni mo wá pè."

"Bí gbogbo wọn ṣe ń wí nìyẹn. Tó bá dìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin náà ó máa bi mí pé àga wo ló ṣófo."

Màmá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn ṣí, ìyá náà sì dúró gbagidi. Láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún àga ló ti ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ń ki ọmọ onílé, ó ń ki ọmọ àlejò, ó ń dúró díẹ̀ lẹ́yìn "ọmọ" kí wọ́n lè mí. Ìtìjú mú un, ìbínú sì tẹ̀ lé e.

Ọ̀mọ̀wé Dúródọlá fúnra rẹ̀ ló wá pàdé rẹ̀. Ó ti sanra, agbádá rẹ̀ funfun báláú. Ó tẹ̀ díẹ̀, kò dọ̀bálẹ̀ bíi ti àtijọ́.

"Ẹ káàsán, Màmá. Wọ́n ní ẹ ti dé."

"Dúródọlá, ohùn ta ni mò ń gbọ́ yẹn?"

"Ohùn yín ni, Màmá."

"O ní o fẹ́ fi pamọ́ fún àwọn ọmọ."

"A fi pamọ́. Kò sí ọmọ tó tíì gbọ́ oríkì ìdílé rẹ̀ tó àwọn tó wà níbí. Ní ìlú yín, ta ló ń kì wọ́n? Ìgbà ìyàwó, ìgbà òkú, ó parí. Níbí, ojoojúmọ́ ni."

"O fi so wọ́n mọ́lẹ̀."

"Èmi kọ́ ló kọ́ ọ ní ibi tó yẹ kó dúró kí ènìyàn lè sunkún." Dúródọlá kò gbé ohùn sókè rárá. "Ẹ̀rọ tí mo gbé wá sílé yín nígbà náà kò lè mú ewúrẹ́ dúró lójú kan. Ẹ̀yin lẹ tún un ṣe."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Màmá lára gan-an, nítorí òótọ́ ni. Ó ní, "Ibo lọmọ mi wà?"

"Àga òjìlénírínwó. Ẹ lọ pè é, òfin gbà yín láyè. Ìyá mẹ́tàdínlógún ló ti wá pe ọmọ lọ́dún yìí. Kò sí ẹyọ kan tó dìde."

Ó bá ọmọ rẹ̀ níbẹ̀. Ó ti rù, ọ̀bẹ òpó ti fi egbò kún ọwọ́ rẹ̀, awò dúdú tí wọ́n fi ń wo tẹ́tẹ́ sì bo ojú rẹ̀ dé etí, débi pé kò lè rí ẹni tó dúró tì í. Ohùn inú ìrọ̀rí ń kì í lọ́wọ́. Ọkàn Màmá balẹ̀ síbẹ̀. Ó ní àdàkọ kì í dùn tó ojúlówó. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, kò fọwọ́ kan ọmọ náà, ó gbé ohùn sókè:

"Àtàndá, ọmọ a-la-odò-kọjá-má-tutù-lẹ́sẹ̀,
ọmọ oníṣu tí ń bu tàlejò ṣáájú tọmọ,
Àtàndá tí mo bí lọ́jọ́ òjò, tí òjò dá kí n lè gbẹ́kún rẹ…"

Akini dákẹ́.

Ọ̀gá rẹ̀ ń kì, ó sì panu mọ́ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Lórí gbogbo àga ní gbọ̀ngàn náà, kò sí ohùn kankan mọ́. Ní ìlà kejì, ọkùnrin kan bọ́ awò rẹ̀, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ lọ títí bí ẹni tí kò mọ ẹni tó ni ín. Obìnrin kan dìde, ó béèrè oṣù tí a wà. Lẹ́yìn náà gbogbo ilé dìde gìrọ́gìrọ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ kò tó igba, ta ni wọn ó dá dúró nínú ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá? Ọkọ̀ àkọ́kọ́ kún, ó lọ. Ìkejì kún.

Gbólágadé kò dìde.

Màmá rò pé kò tíì gbọ́ dáadáa ni. Ó súnmọ́ ọn, ó ti ọ̀rọ̀ bọ inú oríkì: "Àtàndá, dìde, ilé ni ká lọ, iyán ti ń dúró dè ọ́." Ọmọ náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó mi orí bí ẹni tí ara rẹ̀ yá, ó sì fi oṣù mẹ́rin mìíràn kalẹ̀. Ìgbà yẹn ni ohun tó ṣẹlẹ̀ wá yé ìyá náà. Gbogbo èèyàn tó kù gbọ́ pé ohùn kan dákẹ́. Ní tọmọ rẹ̀, ohun kankan kò dákẹ́. Ohùn kan náà ló ń gbọ́, oríkì kan náà, ìdúró kan náà lẹ́yìn "ọmọ".

Dúródọlá sáré dé, agbádá rẹ̀ ń fà nílẹ̀. Òfin ara wọn kò jẹ́ kó lè fọwọ́ kan olùpè, ó wá ń bẹ̀bẹ̀. "Màmá, ẹ dákẹ́. Ẹ dákẹ́ kẹ́ ẹ bá a sọ̀rọ̀ lásán bí ìyá ṣe ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. Ó lè gbọ́ yẹn."

Bóyá òótọ́ ló ń sọ. Màmá fẹ́ dákẹ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó wà lórí àga tó tẹ̀ lé ti Gbólágadé, bàbá kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, di ìrọ̀rí mú, ó ń gbìyànjú láti gbé ẹsẹ̀ tó ti kú tipiri. "Ẹ má dákẹ́, ẹ jọ̀ọ́," ló wí. "Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń gbọ́ ohùn yín. Bí ẹ̀rọ yẹn bá tún kì mí, màá jókòó ni. Ẹ jẹ́ n fi débi ọkọ̀."

Màmá wo bàbá náà, ó wo èrò tó ń ti ara wọn lẹ́nu ọ̀nà, ó wo Àtàndá. Ó ń sunkún, ó sì ń kì lọ. Ó ki ọmọ rẹ̀ tán, ó ki bàbá rẹ̀, ó ki bàbá-bàbá rẹ̀, ó padà sórí ọmọ. Bàbá onírùngbọ̀n fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ títí ó fi jáde. Ìyá náà ti pé ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kì í ṣe irin. Ní ìṣẹ́jú kẹrìndínlógún, ohùn rẹ̀ já láàárín ọ̀rọ̀.

Akini gbà á lẹ́nu rẹ̀ níbi tó já sí, kò fo ọ̀rọ̀ kan. Àwọn tí wọn kò tíì dé ẹnu ọ̀nà dúró, wọ́n wẹ̀yìn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í padà sórí àga ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Màmá gbìyànjú láti pe ọmọ rẹ̀ lórúkọ. "Gbólágadé, èmi ni." Ohun tó jáde kò ju èémí híhá lọ. Ó gbàgbé òfin, ó gbé ọwọ́ lé ọwọ́ ọmọ náà tó kún fún egbò. Gbólágadé yí orí díẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀ lábẹ́ awò. Inú rẹ̀ dùn, omi wà lójú rẹ̀, ó sì fi ọ̀wọ̀ sọ̀rọ̀ bí ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa:

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ rọra. Ìyá mi ń kì mí lọ́wọ́."