Páìpù Orí Tánkì Epo

"Nọ́ọ̀tì ẹ dà, Ẹnjiníà?"

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló bi mí bẹ́ẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí, ó ń wò mí láti ẹ̀yìn mọ́tò. Mo wo ọwọ́ mi. Páìpù bíréèkì tuntun ni mo dì mú, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tán, ó sì là dáadáa. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì tó yẹ kí n kọ́kọ́ kì bọ ara páìpù wà lórí tábìlì, ó jókòó jẹ́jẹ́ bí àlejò tí ẹnikẹ́ni kò kí. Bí ẹnu páìpù bá sì ti là, nọ́ọ̀tì kò lè wọ̀ ọ́ mọ́. Ó dà bí ẹni tó ta kókó sídìí òwú kó tó rántí ìlẹ̀kẹ̀.

"Wo orí tábìlì yẹn dáadáa," ẹ̀gbọ́n mi tún ní, "bóyá ọpọlọ ẹ náà wà níbẹ̀."

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà, a wà ní ìsinmi ilé-ìwé. Mẹkáníìkì ni Bàbá mi. Ẹ̀yìn ilé wa gan-an ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, lábẹ́ páànù gígùn kan tí òróró ti sọ ilẹ̀ rẹ̀ di dúdú. Ó ti pẹ́ gan-an tí mo ti kúrò níbẹ̀. Síbẹ̀, bí mo bá gbóòórùn òróró mọ́tò lónìí, abẹ́ páànù yẹn ni ọkàn mi máa ń sáré lọ.

Mọ́tò ọjọ́ náà jẹ́ píkọ́ọ̀pù àtijọ́ kan tí Bàbá Káfíńtà fi ń kó àga àti tábìlì lọ fún àwọn oníbàárà wọn. Ó dàgbà jù mí lọ. Páìpù tó ń gbé òróró bíréèkì láti iwájú dé ẹ̀yìn ti dógùn-ún débi pé, bí èèyàn bá fi èékánná ha á, ṣe ló ń ṣí bí èèpo. Bàbá mi ní gbogbo rẹ̀ la máa pààrọ̀. Wọ́n wọn páìpù tuntun, wọ́n gé e sí méjì: èyí tó gùn fún iwájú, èyí tó kúrú fún ẹ̀yìn, níbi tó ti gba orí tánkì epo kọjá. Ni wọ́n bá yíjú sí mi.

"Ìwọ lo máa ṣe é. Ìwọ nìkan."

Kò tíì sí ẹni tó fún mi ní bíréèkì ṣe rí. Inú mi dùn, àyà mi sì ń já. Kò pẹ́ tí wọ́n wá pe Bàbá mi sí mọ́tò kan tó kú sójú ọ̀nà. Wọ́n gbé àpò irinṣẹ́ wọn, wọ́n lọ. Ó wá ku èmi, ẹ̀gbọ́n mi, àti ẹnu ẹ̀gbọ́n mi.

Páìpù iwájú lọ geere. Ti ẹ̀yìn ni mo ti gbàgbé nọ́ọ̀tì. Mo gé ibi tí mo bà jẹ́ kúrò, mo tún un ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tó jáde lọ pọnmi. Nínú ìbínú yẹn, mo yí páìpù náà padà, mo la ẹnu kejì. Ẹ gbà mí! Mo tún ti gbàgbé nọ́ọ̀tì! Mo tún gé e. Nígbà tí mo gbé e dé abẹ́ mọ́tò láti wọ̀n ọ́n, ó fi ìka mẹ́ta kúrú.

Gbólóhùn kan péré ló yẹ kí n sọ: "Bàbá, mo bà á jẹ́." Ṣùgbọ́n mo rò ó bí ẹ̀gbọ́n mi yóò ṣe máa sọ ọ́ nídìí oúnjẹ fún oṣù mẹ́ta gbáko. Mo wo òkè tánkì epo. Àfi kéèyàn sọ tánkì kalẹ̀ kó tó lè rí páìpù tó wà lókè ibẹ̀. Ta ló fẹ́ wò ó? Mo mú sáńpépà, mo fi ha etí méjèèjì páìpù ẹ̀yìn àtijọ́ náà títí tó fi ń dán, mo dè é padà. Mo ju tuntun tó ti kúrú náà sáàárín àwọn irin tí a kò lò mọ́.

Bàbá mi dé. A fa afẹ́fẹ́ inú páìpù jáde, bíréèkì sì mú.

"Gbogbo ẹ̀ lo pààrọ̀?"

"Gbogbo ẹ̀ ni, Bàbá."

Òfin kan wà nílé iṣẹ́ wa tí wọn kò kọ sára ògiri: ẹni tó bá ṣe bíréèkì ni yóò bá onímọ́tò jókòó nígbà tó bá kọ́kọ́ wà á jáde. Bí mo ṣe bọ́ sáàárín Bàbá Káfíńtà àti ìyàwó wọn nìyẹn. Ilé ìwòsàn tó wà nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni màmá náà ń lọ nítorí ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n. Àga mẹ́jọ wà lẹ́yìn, tí oníbàárà kan ń retí.

"Ìwọ lo ṣe é?" Màmá mú ọwọ́ mi, wọ́n yí i síbí, wọ́n yí i sọ́hùn-ún. "Wo bí òróró ṣe kún un! Ẹ̀rù gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yìí ti ń bà mí tipẹ́. Lónìí, ọkàn mi balẹ̀."

Wọn kò fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Mo rí ibi tí ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dà sísàlẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán.

"Ẹ dúró, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró! Mi ò pààrọ̀ gbogbo ẹ̀."

Bàbá Káfíńtà rọra dúró. Wọ́n yí mọ́tò padà, a sì ń rìn bí ìgbín títí a fi délé iṣẹ́.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Bàbá mi lójú gbogbo wọn. Wọn kò pariwo. Ì bá sàn kí wọ́n pariwo. Wọ́n ní kí àwọn méjèèjì sọ̀ kalẹ̀, wọ́n fi igi di táyà, wọ́n wá ní kí èmi wọlé.

"Tẹ bíréèkì. Tẹ̀ ẹ́ bí ìgbà tí ọmọdé bá já lu ọ̀nà lójijì."

Mo tẹ̀ ẹ́, ó mú. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó mú. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹsẹ̀ mi lọ wọ̀ọ̀ títí ó fi kan ilẹ̀ mọ́tò. Òróró bẹ̀rẹ̀ sí í kán sílẹ̀ lábẹ́ tánkì, tó, tó, tó. Màmá wá ibi jókòó sí. Ẹ̀gbọ́n mi kò rẹ́rìn-ín. Ó lọ bu yanrìn, ó ń dà á sórí òróró náà láìwo ojú mi.

"Ẹ má bínú, sà," mo sọ fún Bàbá Káfíńtà.

"Inú ń bí mi o, mi ò ní purọ́ fún ẹ. Ṣùgbọ́n mo ṣáà ṣì wà láyé tí mo fi ń bínú."

Oníbàárà tó ń retí àga kò dúró, ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún káfíńtà mìíràn. Ìyẹn dùn mí ju ohunkóhun lọ, nítorí kò sí ohun tí mo lè fi tún un ṣe. Màmá kò sì rí dókítà lọ́jọ́ náà.

Bàbá mi gé páìpù mìíràn fún mi. Mo sọ tánkì kalẹ̀ fúnra mi. Mo kì nọ́ọ̀tì méjèèjì bọ̀ ọ́, mo kà wọ́n sókè ketekete, kí n tó fọwọ́ kan ẹnu páìpù. Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ nígbà tí mo parí.

"Ṣé ó ku ibì kankan?" Bàbá mi bi mí.

"Kò kù, Bàbá."

Wọ́n wojú mi. Mo rò pé wọn yóò wọ abẹ́ mọ́tò lọ wò ó. Wọn kò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ rárá. Wọ́n na kọ́kọ́rọ́ sí Bàbá Káfíńtà, wọ́n ní, "Ẹ máa lọ. Ó ti sọ pé kò kù."

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ka ìtàn yìí, kò sí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ tí kì í ṣàṣìṣe. Èèyàn lè gé àṣìṣe kúrò, kó sì tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Èyí tí a bá fi pamọ́ nítorí ìtìjú ló máa ń dúró síbi tí ojú kò tó, títí yóò fi já lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹlòmíràn. Ẹ tètè sọ ọ́ nígbà tó ṣì jẹ́ ẹ̀rín lásán ni wọn yóò fi yín rín.