Ọjọ́ Mẹ́ta Ṣáájú Gbogbo Ayé

"Túnmiṣe, ṣé o ti múra?" Mọ́mì ń kígbe láti ẹnu ọ̀nà, bàtà kan lẹ́sẹ̀, èkejì lọ́wọ́. "Mo ti ń pẹ́ o. Kó tó di aago mẹ́jọ, kí o ti wọ ọkọ̀ Oǹdó. Má jẹ́ kí Bàbá dúró títí."

"Mo ti múra, mà," ni Olúwatúnmiṣe dáhùn láti yàrá. Aṣọ àwọ̀sùn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, aago méje kò sì tíì lù.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni, ilé ìwé ti gba ìsinmi. Bàbá tí wọ́n ń sọ yìí ni Bàbá Dúrótoyè, bàbá tó bí Mọ́mì, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń dá gbé ní Oǹdó. Ojú òsì rẹ̀ ti fọ́ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Èyí tó kù, nǹkan funfun ti ń bò ó díẹ̀díẹ̀. Àwọn dókítà ojú kan wá sí ọsibítù kan nílùú Oǹdó láti ṣe iṣẹ́ abẹ lọ́fẹ̀ẹ́, ọjọ́ Jímọ̀ yìí gan-an ni wọ́n sì fún Bàbá. Mọ́mì kò rí àyè gbà níbi iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe l'Àkúrẹ́, ló bá ní kí Túnmiṣe mú Bàbá lọ. Nọ́ńbà fóònù Túnmiṣe náà ni wọ́n kọ sílẹ̀ ní ọsibítù.

Kí ló wá dè é mọ́lẹ̀? Géèmù ni o. Géèmù bọ́ọ̀lù tuntun kan fẹ́ jáde lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti sanwó sílẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a láti ọjọ́ Jímọ̀, wọn yóò sì fún un ní jẹ́sì aláwọ̀ wúrà tí ẹni tó bá rà á lẹ́yìn kò ní rí láéláé. Túnmiṣe ti sanwó tirẹ̀ láti oṣù méjì sẹ́yìn. Owó irun tó ń bá àwọn aládùúgbò dì ni. Kò jí i, kò sì yá a.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í gbá géèmù lè máa rẹ́rìn-ín. Èèyàn á ṣe máa sanwó ohun tí kò tíì jáde? Ṣé ó máa tán lọ́jà ni? Kò lè tán. Ohun tí wọ́n ń rà gan-an ni kí wọ́n kọ́kọ́ débẹ̀, kí àwọn ọ̀rẹ́ máa béèrè pé "Báwo ló ṣe rí?", kí àwọn náà sì máa ṣàlàyé bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú òyìnbó dé.

Fóònù rẹ̀ dún. Ọláńrewájú, ọmọ kíláàsì rẹ̀ tí òun náà ti sanwó, ló fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: "Túnmi, ó ti ṣí o! Ìwọ nìkan là ń dúró dè."

Túnmiṣe rò ó wò. Ìwé tí ọsibítù fún wọn sọ pé àwọn dókítà yóò wà níbẹ̀ títí di Sátidé. Kí ni òní fi dára ju ọ̀la lọ? Ló bá pe Bàbá.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀, sà. Àwọn ọsibítù ní kí á máa bọ̀ lọ́la."

"Ọ̀la kẹ̀? Mo mà ti wẹ̀. Ṣé ìwọ fúnra rẹ lo bá wọn sọ̀rọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kò burú. Ọlọ́run á bù kún ọ, ọmọ mi. Ìwọ lojú mi báyìí."

Àdúrà yẹn gún un láyà. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì fún ìgbà díẹ̀, ó ń wo fóònù náà. Lẹ́yìn náà ló tan géèmù lórí tẹlifíṣọ̀n.

Ká sọ tòótọ́, kò gbádùn rẹ̀. Jẹ́sì wúrà náà dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n géèmù ọ̀hún ń dúró gbagidi láàárín eré, àwọn agbábọ́ọ̀lù mìíràn kò tilẹ̀ ní ojú. Lọ́sàn-án, nọ́ńbà kan tí kò mọ̀ pè é lẹ́ẹ̀mejì nígbà tó fẹ́ gbá pẹnárítì. Ó da ojú fóònù délẹ̀. Nígbà tí Mọ́mì dé, Túnmiṣe sọ fún un pé wọ́n ti sún iṣẹ́ abẹ náà sí ọjọ́ kejì. Mọ́mì gbà á gbọ́, ó tún ní kó pẹ̀lẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, Bàbá ti dúró sẹ́nu ọ̀nà kí Túnmiṣe tó dé, ó ti lọ aṣọ rẹ̀ dáadáa. Ariwo ayọ̀ ni wọ́n bá ní ọsibítù. Wọ́n ń tú bándéèjì lójú àwọn èèyàn. Ìyá arúgbó kan di ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ kékeré kan mú, ó ń pariwo, "Ṣé bó o ṣe pupa tó nìyí? Ẹnìkan ò sọ fún mi!"

Nọ́ọ̀sì Modúpẹ́ wo ìwé rẹ̀, ó wo Bàbá. "Bàbá, àná la retí yín. A pe nọ́ńbà yín lẹ́ẹ̀mejì, ẹnikẹ́ni ò gbé e. Àná la parí iṣẹ́ abẹ. Bándéèjì nìkan la ń tú lónìí. A ti fún ẹlòmíràn láyè yín."

Túnmiṣe kúnlẹ̀ gbì. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ bá wa bẹ àwọn dókítà."

"Wọ́n ti di ẹrù wọn, ọmọ mi. Ó di ọdún tó ń bọ̀." Nọ́ọ̀sì tan iná sójú Bàbá, ó wò ó pẹ́, ó mirí. "Ẹ máa gbàdúrà kí ojú yìí lè dúró títí dìgbà náà. Ta ló tiẹ̀ sọ fún yín pé òní ni?"



"Èmi ni mo gbàgbé ọjọ́, nọ́ọ̀sì," ni Bàbá wí. "Ẹ má bínú."

Háà! Bàbá tí kì í gbàgbé ọjọ́ ìbí ẹnikẹ́ni nínú ilé. Ì bá sàn fún Túnmiṣe kí Bàbá gbá a létí.

Wọ́n jókòó síta lórí bẹ́ǹṣì. "Kí lò ń ṣe lánàá?" Bàbá béèrè, kò jágbe. Túnmiṣe sọ gbogbo rẹ̀, ó ń sunkún.

"Géèmù yẹn, tí o kò bá gbá a lánàá, ṣé kò ní sí mọ́ ni?"

"Yóò wà, sà. Mọ́ńdè ni gbogbo èèyàn máa rí i."

"O sì ti sanwó ẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Bàbá na ọwọ́ láti nu omijé ojú Túnmiṣe, etí ọmọ náà ni ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ bà.

Nígbà tí Túnmiṣe padà dé Àkúrẹ́, kó tó bọ́ bàtà ló ti jẹ́wọ́ fún Mọ́mì. Mọ́mì kò nà án. Ó kàn jókòó, ó sì sunkún, ìyẹn sì dun Túnmiṣe ju ẹgba lọ.

Géèmù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, owó tó fi rà á kò sì lábùkù. Ibi tí Túnmiṣe ti ṣìnà ni pé ó ní ọ̀la ṣì wà, láì bi ara rẹ̀ bóyá ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé e ní ọ̀la bákan náà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tó jẹ́ tiyín kì í sá lọ bí ẹ bá fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ kan. Ẹ kọ́kọ́ lọ jíṣẹ́ tí wọ́n rán yín.

Gbogbo Sátidé ni Túnmiṣe ń lọ sí Oǹdó báyìí láti ka Bíbélì àti ìwé ìròyìn fún Bàbá. Nígbà tó bá wọlé, tó dúró síwájú rẹ̀ gan-an, Bàbá yóò gbé orí sókè, yóò ní, "Ta nìyẹn?"