Àmì Pupa Lára Kabúrétọ̀

Ọmọbìnrin kan ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé wọn, ó sì fà á wò bóyá ó tì lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ló gbé ẹ̀rọ ìgégi bàbá rẹ̀ ka orí tábìlì. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí gbogbo kíláàsì ń pè ní Rédíò, dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìgò ọ̀dà èékánná pupa lọ́wọ́.

"Yára," ni Rédíò wí. "Bí Bàbá bá wọlé bá wa, èmi ò mọ̀ ẹ́ rí o."

"Dákẹ́ jàre. Ṣebí ìwọ lo sọ pé wọ́n ń pààrọ̀ nǹkan inú ẹ̀rọ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ló sọ ọ́. Ó ní tó o bá ti gbé ẹ̀rọ tuntun fún wọn, wọ́n á yọ ojúlówó inú ẹ̀, wọ́n á ki ayédèrú bọ̀ ọ́. Wọ́n á tún máa rẹ́rìn-ín sí ẹ pé àwọn bá ẹ tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ ọmọ náà lára, nítorí kì í gba nǹkan gbọ́ bọ̀rọ̀. Ọlọ́pàá ni wọ́n ń pè é nílé. Bí wọ́n bá bu omi fún un, á kọ́kọ́ gbé ife sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Bí olùkọ́ bá sọ pé kò sí ìdánwò lọ́la, òun nìkan ni yóò kàwé lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ̀rọ ìgégi yìí sì ni ilé wọn gbójú lé. Agégi ni bàbá rẹ̀. Nígbà tó fẹ́ rà á, ìdajì owó ni wọ́n ń ta irú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Bàbá kò yà síbẹ̀. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù aṣojú iléeṣẹ́, ó ra èyí tó wọ́n, nítorí gàráńtì tó wà lórí rẹ̀: bó bá bàjẹ́ kí ọdún méjì tó pé, ọ̀fẹ́ ni wọn yóò tún un ṣe. Àwọn agégi ẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn. Ní báyìí, tí kò tíì pé ọdún kan tó rà á, ẹ̀rọ náà ń ké bíi kìnnìún tó bá ń gégi, ṣùgbọ́n tí Bàbá bá ti dẹ ọwọ́ lórí rẹ̀, ó ti kú. Wọ́n ní kabúrétọ̀, èyí tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì, ló ń dà á láàmú. Lọ́la ni wọ́n fẹ́ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Sítíkà kékeré kan wà lórí ọ̀kan nínú àwọn sukúrù tó de ìdérí ẹ̀rọ náà. Wọ́n kọ nǹkan sí i, wínníwínní bí ẹsẹ̀ èèrà.

"Ka nǹkan tí wọ́n kọ síbẹ̀ ná," ni Rédíò wí.

"Kí ni mo fẹ́ kà? Ẹni tí ò bá ní nǹkan tó ń fi pamọ́, ṣé á máa lẹ bébà mọ́ orí sukúrù ni?"

Ó fi abẹ fẹ́lẹ́ gé e, ó tú ìdérí, ó sì kán ọ̀dà pupa bíńtín sí ìdí kabúrétọ̀ kó lè mọ̀ bí wọ́n bá pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tó dé e padà, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ sítíkà náà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ó fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i kó lè tètè gbẹ.

Lọ́jọ́ kejì, Ọlọ́pàá tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ọkùnrin gíga kan tí kì í gbóhùn sókè ló gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ Bàbá. Mẹkáníìkì ibẹ̀ ni, Jẹ́jẹ́ sì ni àwọn oníbàárà ń pè é. Ó yí ẹ̀rọ náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Nígbà tó dé ibi sítíkà, ó fi àtàǹpàkò pa á, ó tún pa á.

"Bàbá, ẹ má bínú o. Ṣé ẹnikẹ́ni ti tú ẹ̀rọ yìí?"

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Nínú ilé tèmi? Ẹ̀rọ tí ìyàwó mi ń jowú? Kò sẹ́ni tó tú u. Ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́ fún ọ."

Mẹkáníìkì wo Ọlọ́pàá fìrí. Ọlọ́pàá gbójú sókè, ó ń wo àjà. "Ó ti bẹ̀rẹ̀," ló ń sọ nínú ara rẹ̀. "Ó ń wá ọ̀nà tó máa fi sọ pé àwa la bà á jẹ́."

Obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù jókòó sẹ́yìn káńtà, awò ojú rẹ̀ wà ní ṣóńṣó imú. Mẹkáníìkì sọ fún un pé, "Màdáàmù, sítíkà wà níbẹ̀. Bàbá ní àwọn ò tú u."

"Tó o bá ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó parí. Ọrùn ẹ ló wà o."

"Mo gbọ́, mà."

Wọ́n ní kí bàbá àti ọmọ jókòó dúró. Aṣọ ni wọ́n ta sẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́, wọ́n sì kọ ọ́ sára ògiri pé kí oníbàárà má wọlé. Ọlọ́pàá jókòó, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kò gbé ibì kan. Kí ni aṣọ wà fún? Kí ló dé tí wọ́n gbóhùn rédíò sókè tó báyìí? Kí ni ọkùnrin náà ń kọrin sí?

"Bàbá, mo fẹ́ lọ tọ̀."

Kò tọ̀. Ó yí lọ sẹ́yìn ilé, ó sì yọjú lójú fèrèsé. Mẹkáníìkì ti yọ kabúrétọ̀. Ó gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, ó rí àmì pupa náà, ó sì dúró wò ó fúngbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bojú wo ẹnu ọ̀nà, ó wé e sínú náílọ́ọ̀nù, ó jù ú sínú dúrọ́ọ̀, ó sì yí kọ́kọ́rọ́ sí i. Ó nawọ́ sí páálí kan tó wà lórí pẹpẹ. Ọlọ́pàá kò dúró wo ohun tó fẹ́ mú níbẹ̀. Ó ti sá.

"Olè! Bàbá, ẹ dìde! Wọ́n ti jí tiwa!"

Oníbàárà kan tó wá ra ṣéènì eléyín tí ẹ̀rọ fi ń gégi pàtẹ́wọ́. "Ẹ ò rí i! Owó gọbọi tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wa ò tó wọn!"

Màdáàmù dìde. "Ọmọ yìí, kí lo rí?"

"Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ wọn, mà! Ẹ ní kí wọ́n ṣí i! Èmi fúnra mi ni mo fi ọ̀dà èékánná sàmì sí ìdí ẹ̀ lánàá!"

Ìgbà yẹn gan-an ni Ọlọ́pàá gbọ́ ohun tí ẹnu òun sọ.

Mẹkáníìkì jáde wá. Ó gbé náílọ́ọ̀nù náà ka orí káńtà láìbínú. Ó padà lọ gbé ẹ̀rọ náà wá, ìdérí rẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí. Kabúrétọ̀ tuntun ló wà nínú rẹ̀, ó ń dán gbinrin.

"Èyí tó bá bàjẹ́, iléeṣẹ́ tó ṣe é ló ń gbà á padà," ló wí. "Tí wọn ò bá rí i, wọn ò ní fi òmíràn rọ́pò ẹ̀ fún wa. Ìdí tí mo fi tì í mọ́lé nìyẹn. Mo rí àmì pupa náà. Ṣùgbọ́n Bàbá ti ní kò sẹ́ni tó tú u, mi ò sì fẹ́ pe àgbàlagbà ní òpùrọ́."

Màdáàmù yọ awò ojú rẹ̀. "Ìdérí ló bo kabúrétọ̀ mọ́lẹ̀. Ọmọ, báwo lo ṣe dé ìdí ẹ̀?"

Oníbàárà tó wá ra ṣéènì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí Ọlọ́pàá létí, ó ní, "Sọ pé sítíkà ti ya kí ẹ tó rà á."

Irọ́ náà dùn mọ́ ọn. Kò ní ju gbólóhùn kan lọ. Ẹ̀rọ yóò di èyí tí wọ́n tún ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀rọ̀ Bàbá kò sì ní di irọ́ lójú èrò.

"Ta ló yẹ ẹ̀rọ yìí wò kí a tó tà á?" ni Màdáàmù béèrè, bí ẹni tí etí rẹ̀ ti gbọ́ ohun tí oníbàárà náà sọ.

"Èmi ni, mà," ni mẹkáníìkì wí.

Ọlọ́pàá wò ó. Ó rí i pé ọkùnrin náà ti mọ ibi tí irọ́ náà máa já sí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni yóò gbà lọ. Ó wo bàbá rẹ̀. Bàbá ti ṣí fìlà, ó sì ń wo òun náà bí ẹni tí kò rí i rí.

"Ọlọ́pàá," ni Bàbá wí, "mò ń gbọ́."

"Èmi ni mo tú u, Bàbá. Mo fi abẹ gé sítíkà, mo wá fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ padà. Kò sẹ́ni tó jí nǹkan wa."

Màdáàmù ṣí sítíkà náà kúrò lára ìdérí, ó nà án sí i. "Kà á sókè."

Lẹ́tà náà kéré, omi sì ti kún ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó kà á. "Bí ẹnikẹ́ni bá ya èyí, gàráńtì ti parí."

"Ṣé ò ń lọ sílé ìwé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó dáa."

Bàbá kò bẹ̀bẹ̀. Ó ní, "Ẹnu mi ni mo fi sọ pé kò sẹ́ni tó tú u. Ẹ sọ iye tí ẹ ń ta tuntun yẹn." Nígbà tí wọ́n sọ ọ́, ó kó owó tó fẹ́ fi ra ṣéènì tuntun sílẹ̀ lórí káńtà. Oníbàárà tó wá ra ṣéènì ti rọra jáde.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má bínú," ni Ọlọ́pàá wí fún mẹkáníìkì. "Mo pè yín lólè."

"O lójú o," ni ọkùnrin náà wí. "Ó kù kó o máa fi kàwé tó bá wà níwájú ẹ."

Àtìgbà náà ni Ọlọ́pàá ti ń pọ́n ṣéènì àtijọ́ nírọ̀lẹ́, eyín kan lẹ́yìn èkejì, títí ìka rẹ̀ fi le. Rédíò kò wá ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó ròyìn ọ̀rọ̀ náà dé gbogbo kíláàsì. Kí ọdún tó parí, okùn tí wọ́n fi ń ta ẹ̀rọ náà jí já. Ìbá jẹ́ ọ̀fẹ́ ká ní gàráńtì ṣì wà. Wọ́n tún gbé e lọ bá Jẹ́jẹ́ mẹkáníìkì, òun náà sì béèrè bíi tàtẹ̀yìnwá.

"Bàbá, ṣé ẹnikẹ́ni ti tú u?"

Bàbá la ẹnu, ó sì tún pa á dé. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ọlọ́pàá, ṣé ẹnikẹ́ni ti tú u?"

"Rárá, Bàbá."

"Kò sẹ́ni tó tú u," ni Bàbá wá dáhùn.

Kò sí ìbáwí tí Bàbá tíì fún un rí tó dùn ún tó ìbéèrè yẹn. Ọkùnrin tí kì í bi ẹnikẹ́ni kó tó fọwọ́ sọ̀yà ti wá ń bi òun báyìí. Kò burú kí ọ̀dọ́ fura, torí pé àwọn tó ń rẹ́ni jẹ wà láyé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí ó béèrè kí ó tó fọwọ́ kan nǹkan, kí ó sì wo ohun tó ń wò dé òpin kí ó tó pe ẹnikẹ́ni lólè. Òótọ́ tí Ọlọ́pàá sọ gba iṣẹ́ ẹni ẹlẹ́ni là. Ó pẹ́ kí bàbá rẹ̀ tó tún lè fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́rìí ilé rẹ̀.