Ọwọ́ Tó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìmọ́lẹ̀

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ pàdé Iredélé, mo ti ba iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jẹ́ fún un. Èmi ni mò ń gbálẹ̀ yàrá tí òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣèwádìí ìmọ́lẹ̀ ní yunifásítì kan ní Àkúrẹ́. Mo rí dígí roboto mẹ́rin, irú èyí tó máa ń wà nínú awò ojú, tí wọ́n tò tẹ̀léra lórí tábìlì, mo nù wọ́n, mo sì sún wọn mọ́ra.

Ó wọlé, ó wo tábìlì, ó jókòó.

"Mà, ta ló ní kẹ́ ẹ tò wọ́n báyìí?"

"Ẹ má bínú, sà. Eruku ló bò wọ́n."

"Nọ́ńbà ibi tí wọ́n ń dúró sí wà lára tábìlì."

"Mi ò mọ̀wé kà, sà."

Ó rẹ́rìn-ín. "Èmi náà ò mọ ilẹ̀ gbá. Ẹ jókòó."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi nìyẹn, nọ́ńbà kó tó kan ábídí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí. Nígbà tó yá, kò pè mí ní mà mọ́. Àánú lorúkọ mi; ó di "Àánú mi."

Lọ́jọ́ kan, ó ní kí n wo inú dígí. Ó na ọwọ́ rẹ̀ sáàárín wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọwọ́ náà pòórá. Ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ ni mò ń rí.

"Ìmọ́lẹ̀ á sún jọ, á tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá," ó ní. "Ohun tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ò dí i lọ́nà, ojú ò ní rí i. Àmọ́ tó bá bọ́ sójú ọ̀nà rẹ̀ gan-an, kò ṣeé fi pamọ́."

Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé mo fẹ́ràn rẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá, ó mú mi lọ sí Oǹdó. Ó ti ṣèlérí pé òun á sọ fún ìyá òun pé èmi lòun fẹ́ fi ṣe aya. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, nílé wọn, màmá rẹ̀ wò mí.

"Iredélé, ta nìyí?"

Ó wolẹ̀. "Ó ń bá wa gbálẹ̀ níbi iṣẹ́, mà. Ó bá mi gbẹ́rù wá ni."

"Ó ṣeun. Kó lọ bá wọn fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé."

Mo fọ abọ́. Omi náà tutù. Ọwọ́ mi kú. Mi ò sunkún.

Nínú mọ́tò, bá a ṣe ń padà sí Àkúrẹ́, ó ní, "Àánú mi, ṣe sùúrù. Màá máa sọ ọ́ fún wọn díẹ̀díẹ̀."

"Mo gbọ́," ni mo sọ.

Lọ́jọ́ Ajé, mo nu dígí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo dá ọ̀kọ̀ọ̀kan padà sí nọ́ńbà rẹ̀. Mo wá kọ lẹ́tà, àkọ́kọ́ tí mo kọ láyé mi:

"Ọ̀gá, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ kọ́ mi níwèé. Mo ti lọ. Èmi Àánú."

Mo gbé e sáàárín àwọn dígí náà, sójú ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ gan-an, mo sì wo inú dígí. Ògiri ò hàn mọ́. Lẹ́tà mi ló dí i.

Mo gbé ìgbálẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo jáde.